Ilé Ológiri Mẹ́ta

Ohùn rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Wúyẹ́wúyẹ́. Láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ ni kò ti pariwo rí. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohun tó ń sọ ní láti bẹ̀rẹ̀, kó gbé etí sún mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyá àgbà rẹ̀, tí etí tirẹ̀ náà ti ń di díẹ̀díẹ̀, a máa wí pé, "Àwọn tí ọmọ yìí ń bá sọ̀rọ̀ sún mọ́ ọn ju àwa lọ." Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ kò ka èyí sí ìṣòro. Aránṣọ ni, ariwo maṣíìnì tó ń wọ̀ ọ́ létí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ti tó o. Ọmọ tí kì í pariwo, ìsinmi ni fún un.

Bàbá ọmọ náà kò sí láyé mọ́. Wúyẹ́wúyẹ́ kò tíì fẹsẹ̀ rìn nígbà tí àìsàn mú bàbá rẹ̀ lọ, nítorí náà kò rántí ojú rẹ̀. Àwọn mẹ́ta ló kù nínú ilé: ìyá àgbà, ìyá, àti òun.

Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan tó ti di àpatì wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ya fíìmù ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ni ìyá rẹ̀ ti ń rán aṣọ eré fún wọn. Páànù ni òrùlé rẹ̀. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tọ̀gá tọmọọṣẹ́ á jókòó, wọ́n á fọwọ́ lẹ́rán títí yóò fi dá, torí kò sẹ́ni tó lè gba ohùn èèyàn sílẹ̀ lábẹ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀. Nínú ilé náà, yàrá wà nínú yàrá. Ilẹ̀kùn wà níbẹ̀ tí kò já sí ibì kankan. Fèrèsé wà tó jẹ́ pé gílóòbù ni òòrùn tó ń tàn wọlé níbẹ̀, bí ẹnì kan bá sì fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú, á kàn nawọ́, á pa á. Wúyẹ́wúyẹ́ á ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án, á gba àárín gbogbo èyí kọjá, á wọ abẹ́ tábìlì tí ìyá rẹ̀ fi ń gé aṣọ, á jẹ búrẹ́dì rẹ̀ níbẹ̀, á sì máa wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá: ẹsẹ̀ sójà, ẹsẹ̀ ìyàwó, ẹsẹ̀ ọba tó wọ sálúbàtà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n kó kọ́ọ̀tù sójà jọ gègèrè sílẹ̀ kí ìyá rẹ̀ lè bá wọn pààrọ̀ bọ́tìnnì. Ọmọ náà gun orí òkìtì kọ́ọ̀tù lọ, oorun sì gbé e. Lábẹ́ iná, nǹkan ti le. Ọmọ tí wọ́n mú wá pé kó ṣe bí ẹni tó ń sùn kò lè ṣe é. Bí wọ́n bá ti ní ó yá, ẹ̀rín á pa á, ìpéǹpéjú rẹ̀ á máa gbọ̀n. Olùdarí, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń run ìdí pẹ́ńsù lẹ́nu, fi ìbínú kúrò níbẹ̀, ó wá wá bùláńkẹ́ẹ̀tì mìíràn lọ́dọ̀ aránṣọ. Ó ká aṣọ ìkélé sókè, ó sì dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀.

"Ọmọ ta nìyí?"

"Ọmọ mi ni, sà. Ẹ má bínú, mo máa jí i báyìí."

"Màmá, mo bẹ̀ yín. Ẹ má tiẹ̀ mí."

Ó yọ́ lọ pe ayàwòrán. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin di etí òkìtì kọ́ọ̀tù mú, wọ́n gbé tọmọ taṣọ bí ẹni gbé bàsíà omi tó kún dẹ́nu, wọ́n ń rìn bí ológbò, títí wọ́n fi tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì lábẹ́ iná. Aránṣọ ń tẹ̀ lé wọn tòun ti abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Obìnrin tó ń ṣe ìyá nínú eré náà jókòó ti ọmọ, ó kọrin jẹ́jẹ́ sí i létí, ó fẹnu kàn án níwájú orí. Lójú oorun, ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ayàwòrán ń yà á lọ.

Nígbà tó jí, inú yàrá tí kò rí rí ló bá ara rẹ̀, obìnrin kan tó fi góòlù sétí sì ń wò ó lójú. Ẹ̀rù kò bà á. Ó wo yàrá náà yípo tán, ó ní, "Ṣé ilé yín nìyí, mà?"

"Ilé àwa méjèèjì ni," obìnrin náà dá a lóhùn.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí fíìmù náà tó jáde. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé ilé sinimá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ aṣọ tó dára jù tí wọ́n ní, wọ́n lọ jókòó sí àárín gbọ̀ngàn. Iná kú. Nígbà tó ṣe, ojú Wúyẹ́wúyẹ́ yọ lókè, ó tóbi bí ògiri ilé. Ọmọ náà fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ nínú òkùnkùn. Kò rí ara rẹ̀ lójú oorun rí. Ta ló rí i rí? Ó ń wo bí ọmọ yẹn ṣe ń mí, ó sì ń ṣe é bíi pé ọmọ yẹn mọ ibì kan tí òun kò mọ̀, pé bí òun bá lè wò ó pẹ́ tó, òun náà á débẹ̀. Lẹ́yìn wọn, ẹnì kan ń tú bébà súìtì. Ìyá àgbà yíjú padà, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ẹ ò rí i pé ọmọ ń sùn ni?" Àwọn tó gbọ́ ọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni náà kó súìtì rẹ̀ sápò, gbogbo gbọ̀ngàn sì pa lọ́lọ́ títí àwòrán fi yí padà.

Lẹ́yìn èyí ni olùdarí wá bá aránṣọ pé òun ní eré mìíràn lọ́kàn, pé ọmọ rẹ̀ ni òun fẹ́ kó ṣe é, kì í sì í ṣe pé kó kàn sùn. Aránṣọ rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn.

"Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Ta ló máa gbọ́ ọ?"

"Ohùn rẹ̀ gan-an ni mo ń wá," olùdarí wí. "Àwọn tó kù ń pariwo jù."

Ọmọ náà ni wọ́n bi léèrè. Ó ní bó bá jẹ́ pé yàrá wà níbẹ̀, òun máa lọ.

Yàrá wà níbẹ̀. Odidi ilé ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, ilé ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe àti ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo. Ògiri mẹ́ta ló ní. Apá kẹrin, iná àti kámẹ́rà ló wà níbẹ̀ àti àwọn èèyàn tó dúró sínú òkùnkùn. Aago kún ara ògiri, ńlá àti wẹ́wẹ́, kò sì sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn torí àtigba ohùn. Ọkùnrin gíga onírùngbọ̀n funfun kan ló ń ṣe bàbá. Láàárín wọn, kò sẹ́ni tó pe orúkọ rẹ̀. Bàbá Aláago ni gbogbo wọn ń pè é, òun náà a sì máa jẹ́ ẹ.

Ọkùnrin yìí ló kọ́ Wúyẹ́wúyẹ́ níṣẹ́. Ọmọ náà ti há gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí, ó sì ń kà á jáde bí ẹni ka ìwé ní kíláàsì. Bàbá Aláago gbé e jókòó sórí tábìlì, ó ní, "Gbàgbé èyí tí wọ́n kọ fún ọ. Ṣáà máa gbọ́ èmi. Bí o bá gbọ́ mi dáadáa, tìrẹ á jáde fúnra rẹ̀." Ó gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì jáde. Ó tún kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ẹ̀yìn aago, bí wọ́n ṣe ń fẹ́ eruku kúrò nínú rẹ̀ láìfi itọ́ sí i. Bí àwọn yòókù bá lọ jẹun ọ̀sán, àwọn méjèèjì á jókòó sínú ilé ológiri mẹ́ta yẹn. Bàbá Aláago á máa tòògbé nínú àga, Wúyẹ́wúyẹ́ á sì máa ṣí aago, á ń pa á dé. Gílóòbù òòrùn á wà ní títàn lójú fèrèsé. Ọ̀sán ibẹ̀ kì í tán.

Ṣé ó kúkú mọ̀ pé eré ni. Ó ṣáà mọ̀ ọ́n bí ẹni ṣe máa ń mọ̀ lójú àlá pé àlá ni, tí kò sì ní fẹ́ jí. Nílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n ní ìbéèrè. Ó bi ìyá àgbà pé kí ló fà á tí ògiri àwọn fi jẹ́ mẹ́rin. Ìyá àgbà ní nítorí òtútù ni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń jẹun, ọmọ náà ní, "Bàbá mi sọ pé ìrẹsì kì í dára bó bá tutù." Ṣíbí ìyá rẹ̀ dúró lójú kan.

"Bàbá wo?"

"Èyí tó wà nínú eré."

"O ṣeun," ìyá rẹ̀ wí, ó sì ń jẹun lọ.

Lọ́jọ́ kejì, bí aránṣọ ṣe ń bá Bàbá Aláago rán bọ́tìnnì mọ́ ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣáà mọ̀ pé eré lèyí."

"Èmi mọ̀," ọkùnrin náà wí. "Ọmọ yín ni n kò mọ̀ bóyá ó mọ̀. Àwọn ọmọ tèmi ti dàgbà, wọ́n ti lọ jìnnà. Mi ò ní purọ́ fún yín, ara mi ń yá bó bá ti ń bọ̀ lábẹ́ tábìlì yẹn."

Aránṣọ já òwú náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú ni ìparí eré. Nínú ìtàn náà, aláago jáde láàárọ̀, kò sì padà wálé mọ́; àwọn aládùúgbò mú ìròyìn ikú rẹ̀ wá, ọmọ rẹ̀ á sì dúró lójú fèrèsé, á máa sunkún. Wúyẹ́wúyẹ́ dúró lójú fèrèsé, ẹkún kò wá. Báwo ni yóò ṣe wá? Bàbá Aláago rèé lẹ́yìn kámẹ́rà, tó jókòó sórí àpótí tó ń jẹ bísíkíìtì, tí èérún ń bọ́ sínú irùngbọ̀n rẹ̀. Wọ́n ní kó jáde síta. Ọmọ náà mọ̀ pé ó wà níta. Wọ́n gé àlùbọ́sà sí i lójú. Ojú rẹ̀ pọ́n bíi ti ẹni tó fẹ́ jà. Wọ́n ṣe é títí, ọwọ́ wọn kò ba nǹkan kan.

Igbákejì olùdarí jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Ẹni tó ni ilé ìkẹ́rùsí ti ní kí wọ́n kó jáde láìpẹ́, ojú wá ń kán an ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó wo ayàwòrán, ó ní kó máa yà á lọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà lójú olùdarí, ó ní, "Wúyẹ́, ìyá ẹ ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n ti gbé e lọ sọ́sibítù. Kò lè sọ̀rọ̀."

Ọmọ náà wò ó. Omi kò jáde lójú rẹ̀. Ńṣe ni ojú náà ṣófo, bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù inú rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹsẹ̀ gba inú fèrèsé tí kò ní gíláàsì jáde, ó kọjá lára gílóòbù òòrùn, ó kọjá níwájú gbogbo wọn, ó sì bọ́ sígboro pẹ̀lú aṣọ eré lọ́rùn, okùn bàtà rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀.

Ní ìta, òòrùn gidi kọ lu ojú rẹ̀. Àwọn èèyàn ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá, ẹnì kan ń nu gíláàsì ṣọ́ọ̀bù, obìnrin kan ń fi ọmọ sínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé. Lójú Wúyẹ́wúyẹ́, gbogbo wọn ń ṣe é bí ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé kó máa rìn lọ kó máa rìn bọ̀. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kan láti wò ó bóyá ilé náà ní ẹ̀yìn. Ó ní ẹ̀yìn. Aṣọ wà lórí okùn níbẹ̀, ajá kan sì ń sùn. Ó padà sójú ọ̀nà, kò mọ ọ̀nà ọsibítù, ó ṣáà ń lọ.

Ìyá rẹ̀ kò ṣubú níbì kankan. Ó lọ ra aṣọ tí wọ́n fi ń tẹ́ inú kọ́ọ̀tù ni, ó sì ń padà bọ̀ pẹ̀lú ẹrù lábíyá, nígbà tó rí ọmọ rẹ̀ ní ìkòríta tó dúró bí ẹni tí wọ́n gbàgbé. Ó sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ náà kò dì mọ́ ọn. Ó fọwọ́ kan orí ìyá rẹ̀, ó fọwọ́ kan ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀ méjèèjì.

"Ibo lẹ fi ṣubú?"

"Mi ò ṣubú. Ta ló sọ pé mo ṣubú?"

Nígbà náà ni ẹkún dé. Wúyẹ́wúyẹ́ fi gbogbo ohùn tó ti ń tọ́jú láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ké, àwọn oníṣọ́ọ̀bù sì jáde wá wò ó. Kò sí kámẹ́rà kankan níbẹ̀.

Aránṣọ mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n padà sílé ìkẹ́rùsí. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kó sísọ́ọ̀sì rẹ̀, tépù rẹ̀ àti àwọn abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó di wọ́n sínú aṣọ. Olùdarí dúró sẹ́nu ọ̀nà, pẹ́ńsù rẹ̀ wà lọ́wọ́.

"Màmá, èmi kọ́ ni mo rán an."

"Ẹ ò rán an, ọ̀gá. Ẹ rí i ńkọ́?"

Olùdarí wo pẹ́ńsù ọwọ́ rẹ̀. Ó rí i, kò sì ní kí wọ́n dá kámẹ́rà dúró.

"Nígbà tí ọmọ ń sùn, ẹ ní kí n má mí, mo gbà," aránṣọ wí. "Èyí, mi ò gbà á." Ó sì mú ọmọ rẹ̀ lọ.

Wọ́n jókòó sílé. Wúyẹ́wúyẹ́ kò sọ̀rọ̀ rárá, wúyẹ́ gan-an kò jáde. Bí ìyá rẹ̀ bá dìde láti bomi, ọmọ náà á dìde. Bó bá ń gun àtẹ̀gùn, ọmọ náà á dúró nísàlẹ̀, á na ọwọ́ méjèèjì sókè bíi pé òun ló máa gbà á mú. Ìyá àgbà ń wò wọ́n, ó ń mi orí.

Lọ́jọ́ kan tí òòrùn mú dáadáa, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Olùdarí ni, àti ọkùnrin gíga kan tí kò ní irùngbọ̀n, tó gbé agboòrùn lọ́wọ́. Ìyá àgbà ló ṣílẹ̀kùn. Ó wo ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ṣé torí ọmọ mi lẹ ṣe wá?"

"Torí ọmọ ọmọ yín ni, mà."

"Háà, ó kéré jù," ìyá àgbà wí, ó sì fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Aránṣọ ló sáré wá là wọ́n.

Wúyẹ́wúyẹ́ kàn tẹrí ba fún àlejò náà bí ẹni kí ẹni tí kò mọ̀ rí. Àfìgbà tí àlejò náà sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti jẹun ọ̀sán níbí?" Ọmọ náà sì mọ ohùn yẹn. Ó wo àgbọ̀n rẹ̀ tó mọ́ tónítóní, ó wò ó títí.

"Irùngbọ̀n yín dà?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yẹn nìyẹn.

"Inú àpótí ló wà. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ kí o tó dé."

"Ta wá lẹ̀yin báyìí?"

Ọkùnrin náà lóṣòó kí ojú wọn lè ṣe déédéé. "Òṣèré ni mí. Èmi kọ́ ni bàbá rẹ, Wúyẹ́. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ tipẹ́, ó ń dùn mọ́ mi ni n kò fi sọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ. Ìyẹn kì í ṣe eré."

Ọmọ náà ronú sí i. Ó na ìka kan, ó fi kan àgbọ̀n náà, ó sì mi orí bí ẹni tó ti rí ohun tó ń wá.

Olùdarí kò wá lọ́wọ́ òfo. Ó gbé agolo pẹlẹbẹ kan dání, fíìmù tí wọ́n yà lọ́jọ́ náà ló wà nínú rẹ̀, wọn kò tíì fọ̀ ọ́ kí àwòrán jáde. Ó gbé e lọ sí àgbàlá, ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á jáde sójú òòrùn, ó ń ká a jọ sílẹ̀ lọ́nà gbọọrọ. "Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti kàn án, ó tán," ó wí. "Ojú tí a jí gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i láé. Mo rí i, mi ò sì dá a dúró. Ẹ má bínú, màmá." Wúyẹ́wúyẹ́ mú ìdí fíìmù náà, ó gbé e sókè sí ojú ọ̀run, ó ń wá ara rẹ̀ níbẹ̀. Kò rí nǹkan kan bí kò ṣe òòrùn. Ó fi í sílẹ̀, ó ní, "Mi ò ní sunkún níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ọmọ inú eré yẹn máa ṣe."

Ìyá rẹ̀ fi ohun méjì lélẹ̀: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ purọ́ fún ọmọ náà mọ́ bí kò bá ti sí nínú eré, àti pé ibi tí ojú ọmọ ti lè rí òun ni òun máa dúró sí. Olùdarí gbà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n padà débẹ̀, Wúyẹ́wúyẹ́ wọlé láti ẹnu ọ̀nà, kò lọ sójú fèrèsé. Ó lọ sídìí àga bàbá. Ó wò ó díẹ̀, ó gùn ún, ó sún títí ó fi bọ́ sí ibi tó ti jin, níbi tí ara bàbá ti tẹ̀ ẹ́. Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ sí ibi tí ọ̀dà tábìlì ti pa rẹ́. Ó gbé aago kan, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fẹ́ eruku inú rẹ̀ láìfi itọ́ sí i. Ó pa á dé. Ó wá fi orí lé apá àga, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀, ó rọra ń mí, kò fi ààyè kankan sílẹ̀ fún ẹlòmíì láti jókòó.

Nínú òkùnkùn, ìyá rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sùn sí apá tirẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Apá ọ̀dọ̀ ògiri, tí ọkọ rẹ̀ máa ń sùn sí, ló ń sùn sí. Á sún bọ́ sínú ibi tó jin, á gbórí lé àárín ìrọ̀rí. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó rò pé kò sẹ́ni tó rí i.

Olùdarí kò rántí pé òun ní láti dá wọn dúró. Fíìmù inú kámẹ́rà ló tán fúnra rẹ̀.

Eré náà rìn jìnnà. Ó dé àwọn ìlú tí Wúyẹ́wúyẹ́ kò mọ̀, wọ́n sì ní àwọn tó wò ó níbẹ̀ máa ń jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn tí iná bá ti tàn. Níléèwé, àwọn kan ń bá a ṣọ̀rẹ́ nítorí rẹ̀, àwọn kan ń yínmú sí i. Olùkọ́ rẹ̀ kò yé é lù ú nídìí ìṣirò. Àwọn onífíìmù mìíràn wá, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fẹ́ kó wá sunkún, ìyá rẹ̀ sì dá wọn padà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Aláago lọ ṣe olè nínú eré kan, ọba nínú òmíràn. Bí ó bá gba àdúgbò kọjá, á yà wá jẹun ọ̀sán. Nígbà míì irùngbọ̀n á wà, nígbà míì kò ní sí, ọmọ náà kì í sì í ṣì í mọ̀ mọ́. Ìyá àgbà ló ṣì ń bi í, gbogbo ìgbà, bóyá torí ọmọ òun ló ṣe wá. Nígbà tó yá, Bàbá Aláago kò fi bẹ́ẹ̀ yára sọ pé rárá mọ́, aránṣọ sì máa ń wojú maṣíìnì rẹ̀.

Fíìmù kẹta, etí adágún omi kan ni wọ́n ti yà á, lọ́nà jíjìn sílé. Ọmọ inú ìtàn náà mọ̀wẹ̀. Wúyẹ́wúyẹ́ kò mọ̀ ọ́n. Obìnrin kan tí èjìká rẹ̀ gbòòrò ló ń kọ́ ọ láràárọ̀, bí ìkùukùu ṣì ń rìn lójú omi. Ó ní kó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, kó má bá omi jà. Ìyá rẹ̀ ká yẹ̀rì rẹ̀ sókè, ó wọ omi dé orúnkún, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, ó ní òtútù kò mú òun. Ọmọ náà fi orí sẹ́yìn. Omi bo etí rẹ̀, gbogbo ariwo ayé sì dẹ̀ lọ: olùdarí létí omi, ẹyẹ, ìyá rẹ̀ tó ń la ẹnu tó ń sọ nǹkan kan. Ojú ọ̀run funfun, ó sì gbòòrò, kò ní ògiri kankan. Obìnrin tó ń kọ́ ọ fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹ̀yìn ọmọ náà láìsọ fún un, Wúyẹ́wúyẹ́ sì ń léfòó lọ.